Ṣé Ká Dúró De Òṣùpá Ká Tó Gbin Ẹ̀fọ́ Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì yanjú láti ìpàdé wa tó kọjá, ìyẹn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn kan nínú wa ní kí a gbé irúgbìn pamọ́ títí oṣù tuntun á fi lé. Wọ́n ní ohun tí a bá gbìn nígbà tí òṣùpá ń dín kù, òun náà á máa rọ ni. Àwọn yòókù ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí la tún ń dúró dè? Ariwo pọ̀ títí agogo pírẹ́ẹ̀pù fi lù, a ò sì rí ibi fi orí ọ̀rọ̀ náà tì sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilẹ̀ ilé ìwé ti sọ fún wa pé bí koríko bá tún bo bẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn títí di ìgbà ìdánwò, òun á gbà wọ́n lọ́wọ́ wa fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ sì rántí ìdí tí a fi tọrọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fojú kan ewédú láti ọjọ́ tí a bá ti wọlé títí di ọjọ́ tí àwọn òbí á fi wá kó wa. Mẹ́trọ̀n ti ṣèlérí pé ohunkóhun tí a bá ká wá, òun á sè é fún gbogbo ilé, ọmọ Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe Yorùbá. Nítorí náà ni mo ṣe lọ wádìí. Mo bi olùkọ́ tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀, mo bi ẹni tó ń kọ́ wa ní físíìsì, mo wo ìwé ní láíbìrì, mo sì bi ìyá ìyá mi lórí fóònù nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa láti pe ilé. Ohun tí mo rí rèé.

Bí òṣùpá ṣe ń rìn

Òṣùpá kò ní iná tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń bọ́ sí i lára, tó wá ń ta padà sọ́dọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí páànù ilé ṣe máa ń ta oòrùn síni lójú lọ́sàn-án. Bó ṣe ń yí ayé po, apá ara rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ tí àwa ń rí máa ń yàtọ̀ lálaalẹ́. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé títí di ìgbà tí òmíràn á lé, ó máa ń tó ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Abájọ tí àwọn baba wa fi ń fi orúkọ kan náà pe ohun tó wà lójú ọ̀run àti nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́: oṣù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí oṣù dé kò nílò kàlẹ́ńdà. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ ó rí i tín-ín-rín bí èékánná ní ìwọ̀ oòrùn, kété tí oòrùn bá ti wọ̀, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á fi wọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di ìlàjì, á sì wà lókè gan-an nírọ̀lẹ́. Ní bí ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó kún: bí oòrùn ṣe ń wọ̀ níhà kan ni òṣùpá ń yọ níhà kejì, á sì máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní àrànmọ́jú. Láti ibẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni á máa fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i kó tó yọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rí òṣùpá nígbà tí ẹ bá ń lọ jẹun alẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ń dàgbà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá jí lọ wẹ̀ ní ìdájí lẹ ń bá a lókè, ó ń dín kù nìyẹn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń wo òṣùpá gbìn

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti ilé Yorùbá nìkan wá. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Pliny kọ ìwé ńlá nípa ẹ̀dá ayé, ó sì kọ òfin sínú rẹ̀ nípa iṣẹ́ oko tó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe nígbà tí òṣùpá ń dàgbà àti èyí tó yẹ kó ṣe nígbà tó bá ń dín kù. Ní Amẹ́ríkà, ìwé àwọn àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Old Farmer's Almanac ti ń jáde láti 1792, títí di òní ni wọ́n sì ń tẹ ọjọ́ ìgbìn tí wọ́n fi òṣùpá yàn. Òfin tó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn kò le: ohun tí à ń jẹ lókè ilẹ̀, bí ẹ̀fọ́, ilá àti tòmátò, ẹ gbìn ín nígbà tí òṣùpá ń dàgbà. Ohun tí à ń wú nílẹ̀, bíi kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti ànàmọ́, ẹ gbìn ín nígbà tó bá ń dín kù.

Ní 1924, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rudolf Steiner sọ̀rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Koberwitz, ìlú kan tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà àmọ́ tó ti di ti Poland báyìí. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni irú iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ti jáde tó ń fi ojú ọ̀run darí oko. Nígbà tó yá, obìnrin ará Jámánì kan, Maria Thun, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kàlẹ́ńdà ìgbìn jáde ní 1963. Òun kò wo bí òṣùpá ṣe kún tó nìkan, ó tún ń wo àwọn ìràwọ̀ tí òṣùpá ń gba iwájú wọn kọjá, ó sì pín ọjọ́ sí mẹ́rin: ọjọ́ gbòǹgbò, ọjọ́ ewé, ọjọ́ òdòdó àti ọjọ́ èso.

Ìyá ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́ orúkọ Maria Thun rí o. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi sún mọ́ ọn. Wọ́n gbà pé ohun tí a bá gbìn nígbà tí oṣù ń dàgbà á bá oṣù dàgbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà wò láti ìdí rẹ̀.

Ṣé agbára òṣùpá dé ara irúgbìn?

Ìdí mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń mú wá. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi nǹkan bí ìlọ́po 400,000 ju ti òṣùpá lọ, kódà ní alẹ́ àrànmọ́jú. Bí òṣùpá bá tàn sórí tẹ̀tẹ̀ látìrọ̀lẹ́ mọ́jú, oúnjẹ tí ewé náà máa rí ṣe nínú rẹ̀ kò tó èyí tó máa ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan péré lọ́sàn-án. Irúgbìn tó ṣì wà nínú ilẹ̀ kò tilẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún.

Ìkejì ni òòfà. Àwọn tó ń gbèjà òṣùpá máa ń béèrè pé, bí òṣùpá bá lè fa omi òkun sókè, ṣé omi inú irúgbìn ni kò wá ní lè fà? Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ̀ pé òkun àti ọ̀sà máa ń kún, wọ́n á sì tún fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti pé ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá kún ni kíkún náà máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Apá ayé tó kọjú sí òṣùpá sún mọ́ ọn ju apá kejì lọ, nítorí náà òòfà òṣùpá níhìn-ín lágbára díẹ̀ ju tọ̀hún. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń ru òkun. Ó sì gba pé kí ayé fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 12,700 kí ìyàtọ̀ náà tó hàn. Hóró irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Níbo ni ìyàtọ̀ fẹ́ gbà wọ ibẹ̀? Ẹ tún wo àwọn adágún omi tí àwọn tó wa tíìnì fi sílẹ̀ káàkiri ọ̀nà Bukuru àti Barkin Ladi. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i kí omi wọn kún kó sì fà bí òkun Èkó? Bí adágún tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò bá mira fún òṣùpá, kí la fẹ́ sọ nípa hóró ewédú?

Ìkẹta ni pé omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè nígbà tí òṣùpá bá kún. Ní bẹ́ẹ̀dì tiwa, omi tó wà nínú ilẹ̀ ni èyí tí òjò rọ̀ síbẹ̀ àti èyí tí a fi kẹ́ẹ̀gì gbé dé ibẹ̀. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí òjò kò rọ̀, ẹ ó rí i pé ó gbẹ, yálà òṣùpá kún tàbí kò kún.

Ní 2020, àwọn olùwádìí kan ní Valencia, ní ilẹ̀ Spain, kó ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa òṣùpá àti ohun ọ̀gbìn jọ, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò rí ẹ̀rí kan tó ṣeé gbára lé pé ipò tí òṣùpá wà ń mú kí ohun ọ̀gbìn ṣe dáadáa tàbí kó má ṣe dáadáa.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ lé òṣùpá fi ń rí èrè oko? Èmi rò pé òfin náà ń mú wọn ṣọ́ra ni. Ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ báyìí lòun á gbìn á ti ro ilẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Kò ní da gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á máa lọ wo oko rẹ̀ déédéé. Ìmúra àti àbójútó yẹn ló ń so èso, òṣùpá ló ń gba ọpẹ́.

Àwọn àgbà kò ṣìnà o

Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ọ̀rọ̀ mi bú àwọn àgbà. Òṣùpá wúlò fún wọn gan-an ni. Kò sí kàlẹ́ńdà lára ògiri nígbà náà, òun ni wọ́n fi ń ka ọjọ́. Bí ìyá kan bá gbin ilá lọ́jọ́ tí oṣù lé, ó mọ̀ pé bí oṣù méjì bá ti lé tẹ̀ lé e, ọbẹ̀ ilá ti dé. Kò sí iná mànàmáná pẹ̀lú, nítorí náà òṣùpá ni fìtílà ẹni tó fẹ́ ti oko bọ̀ lálẹ́ tàbí tó fẹ́ kó ẹrù ọjà jáde ní ìdájí.

Òṣùpá sì ń yí ìwà àwọn ẹ̀dá kan padà ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ eku àti ẹran kékeré kì í fẹ́ jáde sí gbangba nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀, nítorí pé ohun tó ń pa wọ́n jẹ á tètè rí wọn. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń fẹ́ òru òkùnkùn. Àwọn tó ń tan iná lóru láti mú kòkòrò pẹ̀lú sábà máa ń rí díẹ̀ mú nígbà tí òṣùpá bá kún. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà lè wo òṣùpá dáadáa. Ohun tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ni òṣùpá ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀.

Òjò kì í tẹ̀ lé òṣùpá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyí. Oṣù méjìlá tí a fi òṣùpá kà jẹ́ ọjọ́ 354, ọdún tí a fi oòrùn kà sì jẹ́ 365. Ọjọ́ 11 ló fi dín. Ẹ wo bí àwọn ọ̀rẹ́ wa Mùsùlùmí ṣe bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ramadan ní orílẹ̀-èdè yìí: ní 2023, ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà ni, ní 2024, ọjọ́ 11, ní 2025, ọjọ́ kìn-ín-ní. Lọ́dọọdún ló ń sún síwájú. Òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ń tẹ̀ lé oòrùn. Bí oòrùn bá ti ń bọ̀ wá sí ìhà àríwá lórí wa, afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti òkun bọ̀ á máa wọlé síwájú sí i, á sì máa ti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ọyẹ́ padà.

Òjò tètè máa ń dé ilẹ̀ Yorùbá, láti oṣù Ẹrẹ́nà, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Ògún. Ní Jos níbí, oṣù Igbe ló sábà máa ń fìdí múlẹ̀, kì í sì í sinmi títí di oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù Agẹmọ àti Ògún gan-an ló máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ gbin ọgbà Jos gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Bí mo ṣe ń kọ èyí, òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún kọjá ni. Ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù tuntun tó lé. Ọ̀sẹ̀ 11 ló sì kù ká tó lọ fún ìsinmi gígùn. Bí a bá gbìn lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ 11 wà lọ́wọ́ wa; bí a bá dúró, ó ku 9.

Ilá máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 kó tó so èyí tí a lè ká, lẹ́yìn náà a ó máa ká a ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra. Bí a bá gbìn ín báyìí, a ó ká ilá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá dúró, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ewédú, a lè kọ́kọ́ rẹ́ ẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, á tún rúwé, a ó sì tún rẹ́ ẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta bí a bá gbìn ín báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì bí a bá dúró. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ni ìdúró kò fi bẹ́ẹ̀ pa lára, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ń gbà: ọ̀nà kejèèjì, a ó rí i fà tu lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ohun tí a mọ̀ dájú pé a ó pàdánù nìyẹn, nítorí èrè tí kò sí ẹni tó rí i wọ̀n.

Bí a ó ṣe gbìn ín

Irúgbìn ewédú ní èèpo líle, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ hù tàbí kó má hù rárá. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í bọ omi tútù, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má bàa dà jọ sójú kan. Ẹ rẹ ilá sómi mọ́jú, méjì nínú ihò kan, bí ó bá hù tán kí ẹ fa èyí tí kò lágbára tu.

Ìgbẹ́ adìẹ tí a kó wá ní láti jẹrà dáadáa kí a tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jó gbòǹgbò. Èyí tí a kó jọ láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ti dúdú, kò sì rùn mọ́, òun ni ká lò. Òjò Jos máa ń wá tòun ti yìnyín nígbà míì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko ṣe ìbòrí fún èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bí tata àti kòkòrò bá dé, ẹ já ewé dongoyaro, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Adìẹ ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ wa (n ò dárúkọ ẹni tó ni wọ́n o) ti mọ ojú ihò tó wà lára ọgbà ẹ̀gún wa. Kí a dí i kí irúgbìn tó bọ́ sílẹ̀ ni, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹni tó gbà àti ẹni tí kò gbà jọ wò ó

N kò fẹ́ ká fi ariwo borí ara wa. Àbá mi nìyí. Kí a gbin bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Kí a pín ìkẹrin, tó kéré jù, sí méjì ọgbọọgba. Kí a gbin tẹ̀tẹ̀ sí apá kan báyìí, kí àwọn tó ń gbèjà òṣùpá sì fúnra wọn yan ọjọ́ tí wọ́n á gbin apá kejì lẹ́yìn tí oṣù bá lé. Irúgbìn kan náà, ìwọ̀n kan náà, iye kẹ́ẹ̀gì omi kan náà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti pé ọjọ́ 28, kí a fà á tu, kí a sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n má mọ èyí tó jẹ́ ti òṣùpá. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó o, nítorí òjò ọ̀sẹ̀ kan lè pọ̀ ju ti òmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tún un ṣe ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí a máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́.

Kí a sì kọ òótọ́. Àwọn baba wa ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Bí apá ti òṣùpá bá ń wọ̀n jù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, màá sì pe ìyá ìyá mi láti sọ fún wọn.

Irúgbìn wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Ọkọ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, méjì nínú wọn ló ní èèkù. Mo ti lẹ orúkọ àwọn tó máa bomi rin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíláàsì tí a ti ń ṣèpàdé. Kí kálukú lọ wo ọjọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn àyẹ̀wò họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ká pàdé lẹ́yìn ilé ìdáná, kí ẹ sì wọ bàtà tí ẹrẹ̀ lè bà jẹ́.